Olè Kì Í Fi Ìda Dí Ọgbẹ́

Angyo,
Ogúnjọ́ oṣù kọkànlá, 1979

Sawako ọmọ mi,

Ẹ kú òtútù lọ́hùn-ún, ìwọ àti Raymond ọkọ rẹ. Mo nírètí pé ara yín le. Àwa náà wà níbí. Òtútù ti wọlé, a ti fi koríko gbígbẹ bo ìdí àwọn igi kékeré. Ẹ̀gbọ́n rẹ Mitsuru ṣì ń bá iléeṣẹ́ rélùwéè ṣiṣẹ́. Ó ń jáde ní kùtùkùtù, ó ń wọlé nígbà tí mo ti sùn, nítorí náà a kì í rí ara wa àfi ọjọ́ ìsinmi. Mò ń jẹun dáadáa. Ìyá Negishi aládùúgbò wa fún mi ní èso úmè oníyọ̀ kún ìkòkò kan, ó sì ti kà á sí mi lọ́rùn lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bi ọ́. Lára igi ìyá rẹ, mómíjì tó wà lẹ́yìnkùlé, ní ọwọ́ ibi tó kọjú sí kànga, mo rí ojú ọgbẹ́ mẹ́ta níbi tí ẹnì kan ti gé ẹ̀ka. Ó ti pẹ́. Èèpo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò wọ́n tán. Mo ka ọdún rẹ̀, ó tó mẹ́rin sí márùn-ún. Ẹni tó gé e mọ iṣẹ́, torí kò ya igi, kò sì ha á. Ṣùgbọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dagun sí ọwọ́ òsì. Ọwọ́ ọ̀tún ni èmi ń lò. Mitsuru kò mọ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀bẹ mú. Ìwọ nìkan ni ọlọ́wọ́ òsì nínú ilé yìí.

Ọdún mẹ́rin àti oṣù díẹ̀ sẹ́yìn ni ìyá rẹ kú, tí o wá sílé, tí o sì dúró títí di ọjọ́ kọkàndínláàádọ́ta tí àlùfáà wá gbàdúrà fún òkú. Mo ti ṣírò rẹ̀.

O mọ òfin ilé yìí. Baba baba mi ló fi lélẹ̀. Igi lè gba ẹnu ọ̀nà jáde tí a bá ti tà á, ṣùgbọ́n ẹ̀ka tí ènìyàn lè lọ́ sára gbòǹgbò mìíràn kí ó hù níbẹ̀ kì í jáde. Ti ìyá rẹ kò tilẹ̀ sí fún títà. Irú rẹ̀ kò sí ní gbogbo Angyo, kò sì sí níbòmíràn. Tí a bá gbin èso rẹ̀, mómíjì lásán ló ń hù. Àfi kí a lọ́ ẹ̀ka rẹ̀ ni a fi lè rí òmíràn.

Ṣé ìwọ ni? Kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Má fi tẹlifóònù ṣe é, torí Mitsuru ló máa ń gbé e tó bá wà nílé.

Bàbá rẹ,
Kumagai Tokuji


Oregon,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejìlá, 1979

Bàbá mi,

Mo tẹríba kí yín. Ẹ kú òtútù, ẹ kú ìmúra ọdún tuntun. Òjò ni tiwa níbí, láti oṣù kẹwàá ni ilẹ̀ kò ti gbẹ. Raymond ní kí n kí yín. Ní ọgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, a ti ń kó àwọn mómíjì inú ìkòkò wọ ilé gíláàsì. Orúkọ tí ọ̀gá wa ń pè wọ́n, tí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ó fi orí gbá ògiri, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn wọn.

Orí oúnjẹ ni lẹ́tà yín bá mi, mi ò sì lè jẹ oúnjẹ ọ̀hún mọ́. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti kúrò nílé. Lẹ́tà yín kì í ju mẹ́ta lọ lọ́dún, èyí tó gùn jù nínú gbogbo wọn lẹ wá fi pè mí lólè. Èmi kọ́ o. Mi ò gé nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí èmi náà béèrè. Ọwọ́ ibi tó kọjú sí kànga yẹn, ó ga ju orí ènìyàn lọ lọ́nà méjì. Ẹ ti di ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Ta ló gun àkàbà? Ẹ tún ní ẹ ka ọdún ọgbẹ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í rí ọdún ọgbẹ́ kà láìjẹ́ pé a fi ayùn là á. Ta ló fi ayùn kan igi ìyá mi?

Ọwọ́ ìkọ̀wé yìí náà kò yé mi. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ̀wé wínníwínní bí ẹsẹ̀ èèrà, báwo ni lẹ́tà yín ṣe wá tóbi bíi ti ọmọ iléèwé, tí ìlà rẹ̀ ń wọ́ lọ sísàlẹ̀? Ṣé ẹ̀gbọ́n mi Mitsuru ló ń bá yín kọ ọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n ń ra ọgbà igi lójú méjèèjì ní Angyo láti fi kọ́ ilé onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo sì mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ràn igi láti kékeré. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ewéko òkun gbígbẹ ránṣẹ́. Èyí tí wọ́n ń tà níbí ń rùn bí aṣọ òjò.

Ọmọ yín,
Sawako


Angyo,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìn-ín-ní, 1980

Sawako,

Ọdún tuntun á yabo fún wa. Mo ti fi ewéko òkun ránṣẹ́ láti ọjọ́ kejì oṣù yìí. Ọkọ̀ ojú omi ló bá lọ, kí o má máa sáré sí ilé ìfìwéránṣẹ́ lójoojúmọ́.

Èmi ni mo kọ lẹ́tà yẹn. Ojú ló ń dà mí láàmú, gbogbo nǹkan rí bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ayé láti inú omi ìrẹsì. Dókítà ti wò ó. Mitsuru kò mọ̀ sí lẹ́tà náà, má sì ti ẹ̀sùn sí i lọ́rùn.

O ní ìwọ kọ́. Wá gbọ́. Mo ti ń ṣọ́ ọgbà yìí láti ìgbà tí mo ti lè rìn, mo sì ti rí olè ẹ̀ka lóríṣiríṣi. Olè a fà á ya, a sì sá. Ẹni tó gé ti ìyá rẹ dúró. Ó yọ́ ìda, ó fi dí ojú ọgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ yí ká kí omi má bàa wọlé, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Olè kì í fi ìda dí ọgbẹ́. Ọmọ ilé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ á ti ṣe é kí ọkàn rẹ̀ tó rántí pé olè lòun wá jà. Àmì àtàǹpàkò náà wà lára ìda títí di òní.

Nítorí náà, jẹ́ kí á fi ti àriyànjiyàn sílẹ̀. Mẹ́ta lo gé. Mélòó ló yè?

Igi náà wà dáadáa. Lóṣù kọkànlá ó pọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń kọjá fi ń dúró wò ó.

Bàbá rẹ,
Tokuji


Oregon,
Ọjọ́ kejì oṣù kejì, 1980

Bàbá mi,

Ẹ kú ojú tó ń dùn yín. Kí ni dókítà sọ gan-an? Ẹ kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ dẹ̀ máa ń sọ fún wa pé ẹni tó bá fi àìsàn pamọ́, igi ló fẹ́ kó fún òun ní oògùn.

Ẹ ní ó pọ́n. Bàbá, igi ìyá mi kì í pọ́n. Ní gbogbo ayé mi kò pọ́n rí. Tí ti àwọn ará àdúgbò bá ń pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, tirẹ̀ a dà bí àwọ̀ pupa inú ẹyin, a sì já bọ́ lójijì láàárín ọjọ́ mélòó kan. Màmá a máa rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n á ní, "Wo aláìgbọràn mi. Kò fẹ́ jọ ẹnikẹ́ni." Ẹni tó bá ti gbá ewé rẹ̀ fún ogún ọdún kò lè kọ ọ́ sínú ìwé pé ó pọ́n. Nítorí náà, yálà ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ lẹ́tà yẹn, tàbí ẹ ń fi nǹkan pamọ́ fún mi.

Ìbéèrè mi rèé, mo sì fẹ́ ìdáhùn láti ọwọ́ ẹ̀yin fúnra yín. Irú àwọ̀ wo ni ewé rẹ̀ máa ń ní lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ yọ lóṣù kẹrin?

Mo ti kó gbogbo lẹ́tà yín sílẹ̀, mo sì kà wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdọọdún, tó bá ti di ìparí ọdún, ẹ kì í ṣàì ráhùn nípa ewé igi náà àti gọ́tà òrùlé Màmá Negishi. Ẹ wo èyí tí ẹ kọ ní 1976: "Ìyá Negishi tún dé. Ó ní, 'Bàbá Kumagai, ewé yín tún ti dí gọ́tà mi o. Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa lúwẹ̀ẹ́ nínú yàrá mi ni?' Mo ní kó fi ṣe tíì." Ní 1977 náà, wọ́n tún wá, ẹ tún ní kí wọ́n fi ṣe tíì. Ní 1978, kò sí ìráhùn. Ní ọdún tó kọjá, kò sí. Ewé kò já bọ́ mọ́ ni, àbí Màmá Negishi ni kò bínú mọ́?

Tí ẹ bá ti ta ilẹ̀, ẹ sọ. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá ti gé e, ẹ sọ. Èmi ń kọ̀wé sí Màmá Negishi lónìí.

Sawako


Angyo,
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹta, 1980

Sawako,

Mi ò tètè dáhùn nítorí iṣẹ́ pọ̀. Àsìkò lílọ́ ẹ̀ka ni, o mọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni mò ń ṣe níbi tí mo ti máa ń ṣe márùn-ún tẹ́lẹ̀.

Ilẹ̀ wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tà á. Àwọ̀ tí ewé rẹ̀ máa ń ní ló ń ní. Má kọ̀wé sí ìyá Negishi mọ́. Ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn. Tó bá gbọ́ nǹkan láàárọ̀, ẹni tó wà lórí rélùwéè Mitsuru á ti gbọ́ ọ kí ó tó di ọ̀sán.

O ò gé nǹkan kan, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó gbàgbé, ẹnikẹ́ni tó bá ní irú igi yẹn, níbikíbi tó wù kí onítọ̀hún wà, mi ò dárúkọ ẹni kankan, kó má gbé e sínú oòrùn ọ̀sán, torí ewé rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó ń jóná létí. Kó má rọ omi sí i ju bó ti yẹ lọ. Tó bá ti di oṣù karùn-ún, kó máa kúnlẹ̀ wo ìdí rẹ̀ ní àràárọ̀, kó fi ọwọ́ pa á yí ká. Tó bá rí lẹ́búlẹ́bú igi nílẹ̀, kó má rò pé èèrà ni. Mo tún un sọ, kó má rò pé èèrà ni. Kó wá ihò rẹ̀, kó ti wáyà bọ̀ ọ́ títí yóò fi kan ohun rírọ̀.

Ó tán.

Bàbá rẹ,
Tokuji


Oregon,
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹfà, 1980

Bàbá mi,

Ẹ kú òjò. Mo mọ̀ pé mo dákẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Inú ló ń bí mi. Lẹ́tà tó kẹ́yìn yẹn, mi ò mọ̀ bóyá bàbá mi ló kọ ọ́ sí mi àbí ọlọ́pàá tó ń fi ọgbọ́n wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀daràn.

Màmá Negishi ti dá mi lóhùn. Ẹ ní ẹnu wọn kò ní ìlẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ronú kí wọ́n tó kọ nǹkan sí mi. Wọ́n fi èso kákì gbígbẹ ránṣẹ́ nínú páálí kékeré, wọ́n sì kọ ìlà méjì péré sórí bébà tí wọ́n fi wé e: "Sawako, gọ́tà mi mọ́ tónítóní láti ọdún méjì. Inú mi kò dùn sí i."

Mo kà á lórí ìdúró, mo sì jókòó.

Ẹ ti bi mí léèrè lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti dáhùn. Ó wá kàn yín báyìí. Ṣé igi ìyá mi ti kú? Ta ló pa á? Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ni? Ẹ má sọ fún mi pé àwọ̀ tó máa ń ní ló ní. Bí ẹ kò bá sọ òtítọ́, ẹ má fi sítáǹpù ṣòfò lórí lẹ́tà mìíràn.

Sawako


Angyo,
Ọjọ́ karùn-ún oṣù keje, 1980

Sawako ọmọ mi,

Ó ti kú. Oṣù kẹjọ ọdún 1978 ni. Mitsuru kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Èmi ni mo pa á.

Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, mo ń gbá lẹ́búlẹ́bú kúrò nídìí rẹ̀ láràárọ̀, mo sì ń sọ pé èèrà ni. Ojú mi ti ń ṣú nígbà yẹn, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, Mitsuru bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Bàbá, kí lèyí nídìí igi Màmá?" Mo ní, "Lọ bá rélùwéè rẹ. Ìgbà wo lo mọ igi?" Ó wọlé lọ. Ìdin kòkòrò oníwo gígùn ló wà nínú rẹ̀, ohun tí mo ti ń fi wáyà yọ lára igi ẹlòmíràn láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún. Ó jẹ ẹ́ yí po lábẹ́ èèpo. Ọjọ́ mẹ́ta ni ewé rẹ̀ fi gbẹ, kò sì já bọ́. O mọ̀ pé igi tó kú kì í lè ju ewé rẹ̀ sílẹ̀. Ewé ọ̀hún rọ̀ síbẹ̀ títí di oṣù kejìlá, ìyá Negishi ń wò ó láti ojú fèrèsé, kò sì sọ nǹkan kan sí mi.

Mo fi í sílẹ̀ lórí ìdúró fún ọdún kan gbáko, nítorí mi ò lè gé e. Ní oṣù kẹwàá tó kọjá, èmi àti Mitsuru fi ayùn wó o. Nígbà tó dùbúlẹ̀, mo fi ọwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀, torí ọwọ́ ni mo fi ń ríran báyìí. Àtàǹpàkò mi bọ́ sínú àmì àtàǹpàkò rẹ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mitsuru sáré wá, ó rò pé àyà ló ń dùn mí. Sawako, inú mi dùn ni. Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá rẹ, inú mi kò tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Wàá ní kí ló dé tí mi ò béèrè bí ènìyàn. Ojú ló tì mí. Nígbà tí igi yẹn hù láàárín ebè, tó funfun láìjọ àwọn yòókù, èmi ni mo ní kí ìyá rẹ fà á tu. Mo ní àìsàn ló ń ṣe é. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbé e sí ẹ̀yìn kànga níbi tí kò ti ní bí yín nínú." Nígbà tó dàgbà tó rẹwà, mo wá sọ ọ́ di ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Lọ́jọ́ tí ìwọ náà ń lọ, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní ọmọ tó bá ti sọdá òkun kò ní ìpín nínú igi. Báwo ni mo ṣe máa wá fi ẹnu yìí kan náà bẹ̀ ọ́ pé, jọ̀ọ́, ṣé o jí i? Mo rò pé tí mo bá pè ọ́ ní olè, wàá bínú, wàá sì jẹ́wọ́. Mo gbàgbé ilé tí o ti jogún orí kunkun.

Ìbéèrè mi kò yí padà. Mélòó ló yè? Bí kò bá sí, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo lè gbọ́ ọ.

Bàbá rẹ,
Tokuji


Oregon,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù keje, 1980

Bàbá mi,

Ọ̀kan.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kọkàndínláàádọ́ta ni. Àlùfáà ń gbàdúrà lọ́wọ́, gbogbo yín tẹ orí ba. Mo ní mò ń lọ pọn omi òdòdó. Mo mú ọ̀bẹ Màmá nínú àpótí wọn, mo gun àkàbà, mo gé mẹ́ta. Òtítọ́ lẹ sọ, mi ò tilẹ̀ rántí pé mo fi ìda dí i. Mo ti sọ̀kalẹ̀ tán kí n tó rí ìda lára ọwọ́ mi. Mo fi ìwé ìròyìn tútù wé wọn sínú agolo tíì. Ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n bi mí pé kí ló wà nínú agolo, mo ní tíì ni. Ọ̀rọ̀ tíì ti wà nínú ilé wa tipẹ́.

Mo lọ́ wọn sára gbòǹgbò níbí, ṣùgbọ́n méjì gbẹ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé. Ọ̀kan tó yè wà nínú ìkòkò ńlá lẹ́yìn ilé, ó ti ga dé àyà mi. Tó bá kọ́kọ́ yọ lóṣù kẹrin, ó máa ń funfun bí wàrà, etí ewé rẹ̀ a pọ́n díẹ̀. Ìdáhùn ìbéèrè tí mo bi yín nìyẹn. Raymond bi mí lórúkọ rẹ̀, mo ní kò ní. Kò sí ẹnì kankan níbi iṣẹ́ tó mọ̀ pé mo ní i. Ẹ̀rù yín ló ń bà mí. Lẹ́tà yín kọ̀ọ̀kan, mò ń kà á bí ẹni tó gbọ́ pé wọ́n ń kan ìlẹ̀kùn. Mo rò pé tí mo bá jẹ́wọ́, ẹ máa ní kí n jó o níná.

Ó ku ohun kan, òun ló sì ń dùn mí jù. Inú bí mi sí lẹ́tà oṣù kẹta yín, ṣùgbọ́n láti oṣù karùn-ún mo bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ láràárọ̀. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà, mo rí lẹ́búlẹ́bú. Ó kéré. Bí kì í bá ṣe pé ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ǹ bá ní èèrà ni. Kòkòrò ibí yàtọ̀ sí ti ilé, ṣùgbọ́n bákan náà ni ìwà wọn. Mo ti wáyà bọ̀ ọ́ títí ó fi kan ohun rírọ̀. Mo fi ìda dí ihò náà. Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn èyí ni mo jókòó kọ lẹ́tà burúkú yẹn sí yín, tí mo tún ń ṣe bí ẹni tí kò gé nǹkan kan.

Mò ń gbé ẹ̀ka rẹ̀ bọ̀ lóṣù kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, mo máa gba gbogbo ìwé àṣẹ, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí i, ẹnu ọ̀nà iwájú ni màá sì gbà wọlé ní ọ̀sán gangan. Ẹ bá mi tọ́jú gbòǹgbò mẹ́sàn-án sínú ìkòkò. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé mo bẹ̀ wọ́n. Mo fura sí wọn láìnídìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ sí ojú yín.

Ọmọ yín,
Sawako


Angyo,
Ọgbọ̀njọ́ oṣù kọkànlá, 1981

Sawako ọmọ mi,

Ẹ kú òtútù, ìwọ àti Raymond. O rí i pé ìkọ̀wé mi ti padà di ẹsẹ̀ èèrà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe ojú kejì, mo ń rí ohun tí mi ò fẹ́ rí, pàápàá bí ilé yìí ṣe dọ̀tí tó. Mitsuru kí ọ. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ti dárí jì ọ́, ṣùgbọ́n kí o fi ṣokoléètì ránṣẹ́.

Nínú mẹ́sàn-án tí èmi àti ìwọ jọ lọ́ lóṣù kejì, méje ló yè. Gbogbo èyí tí o fi ọwọ́ òsì gé ló yè. Méjì tó kú, èmi ni mo gé wọn. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan nípa rẹ̀. Mo ti sọ fún Mitsuru pé kó gbàgbé òfin ẹnu ọ̀nà. Èyí tí mo fi òfin dè kú mọ́ mi lọ́wọ́, èyí tí o jí ló yè.

Mo gbé ọ̀kan sí ẹ̀yìn kànga, sójú ibi tí ìyá rẹ gbé ti àkọ́kọ́ sí. Kò tíì ga kọjá orúnkún mi. Ewé mẹ́jọ ló ní. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, gbogbo rẹ̀ di pupa ẹyin, mo sì ń jí wò ó láràárọ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù, torí mo fẹ́ mọ̀ bóyá yóò lè jù wọ́n sílẹ̀.

Lónìí, ọ̀kan já bọ́. Mo rí i nígbà tó ń já bọ́. Mo sunkún díẹ̀, kò sí ẹni tó rí mi.

Afẹ́fẹ́ kankan kò fẹ́. Mo dúró títí di aago mẹ́sàn-án, ewé náà kò kúrò lójú kan. Mo bá mú un, mo ní kí Mitsuru bá mi di àkàbà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ìyá Negishi. Ó dì í mú. Mo gbé ewé náà sínú gọ́tà rẹ̀, mo sọ̀kalẹ̀, mo sì wọlé lọ jókòó dè é.

Ó ti ń wò wá láti ojú fèrèsé látìgbà tí a ti gbé àkàbà dé. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi dé ẹnu ọ̀nà wa, ó so gèlè iṣẹ́ ilé mọ́rí, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí.

Ó ní, "Bàbá Kumagai, ewé yín tún ti dí gọ́tà mi o."

Mo ní kó fi ṣe tíì.

Bàbá rẹ,
Tokuji